Garawa Aláwọ Méjì, Àpò Mẹ́rin: Ìbéèrè àti Ìdáhùn nípa Ẹgbẹ́ Panápaná Aláìgbowó ti Filadẹ́fíà

Ọ̀pọ̀ ìlú kékeré ní Amẹ́ríkà ni kò ní panápaná tó ń gba owó oṣù. Bí ilé bá gbiná níbẹ̀, àwọn káfíńtà, tíṣà, àgbẹ̀ àti mẹkáníìkì ló ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀ tí wọ́n ń sáré lọ pa á. Bí mo bá sọ èyí fún àwọn ará ilé, wọn kì í kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í ya lù mí. Mo kó àwọn tí wọ́n máa ń bi mí jù lọ jọ síhìn-ín, mo sì dáhùn wọn láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, ìyẹn Filadẹ́fíà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania.

Ta ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ìgbà wo sì ni?

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1736 ni ọjọ́ ìwé àdéhùn wọn. Union Fire Company ni wọ́n pe orúkọ ẹgbẹ́ náà, Benjamin Franklin ló sì ṣagbátẹrù rẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Franklin nígbà náà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń ṣe, òun ló sì ni ìwé ìròyìn Pennsylvania Gazette. Filadẹ́fíà kò tíì di ìlú ńlá tí ayé mọ̀ lónìí. Èbúté kékeré kan ni létí odò Delaware, kò sì tíì pé ọgọ́ta ọdún tí William Penn tẹ̀ ẹ́ dó.

Franklin kọ́ ló kọ́kọ́ ní irú èrò yìí o. Ìlú Boston ni wọ́n bí i sí, láti ọdún 1717 ni àwọn kan níbẹ̀ sì ti wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ bí iná bá ṣẹlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ti Boston nígbà tó ń rọ àwọn ará Filadẹ́fíà pé kí àwọn náà ṣe tiwọn.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ iná fi ká wọn lára tó bẹ́ẹ̀?

Torí pé inú iná ni wọ́n ń gbé. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, igi ni wọ́n ń dá nínú ilé láti fi yá. Àbẹ́là ni wọ́n fi ń ríran lóru. Pákó ni àjà, pákó ni àtẹ̀gùn, ilé sì fara ti ilé.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1730, iná ṣẹ́ yọ ní èbúté Fishbourn létí odò. Ó jó àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà níbẹ̀, ó sọdá títì, ó sì jó ilé àwọn èèyàn. Wọ́n ní ohun tó bá a lọ tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn, owó tabua ni ìyẹn nígbà náà. Ìlú ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa iná tẹ́lẹ̀, wọ́n ra ọ̀kan ní àádọ́ta pọ́n-ùn lọ́dún 1718. Ẹ̀rọ kan ò tó. Lẹ́yìn ìjàǹbá 1730 ni àwọn aláṣẹ ìlú wá ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ mìíràn wá, pẹ̀lú irinwó garawa aláwọ, àkàbà àti ìkọ́.

Níbi tí Franklin ti gbọ́n jù nìyí, lójú tèmi. Ó rí i pé ìlú ti ra garawa, ó sì béèrè pé ta ni yóò gbé e. Bí iná bá sọ lóru, ta ló mọ ibi tí garawa wà? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò pé kò jò?

A gbọ́ pé lẹ́tà kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1735, lẹ́tà kan jáde nínú Pennsylvania Gazette. Ẹni tó kọ ọ́ ní àgbàlagbà ni òun, ó sì fi A.A. buwọ́ lù ú. Franklin ni. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, kó gbé ọ̀rọ̀ sí ẹnu àgbà kí àwọn èèyàn lè fetí sí i.

Ìmọ̀ràn tó kọ́kọ́ gbà wọ́n kò tilẹ̀ jẹ mọ́ ẹ̀rọ rárá, ọ̀rọ̀ ẹ̀yinná ni. Ó ní kí wọ́n yéé fi ṣọ́bìrì kó ẹ̀yinná láti yàrá kan sí òmíràn, tàbí gbé e gun àtẹ̀gùn, àyàfi bó bá wà nínú àwo tó ní ìdérí. Ẹ̀ta iná lè já sínú pàlàpálá pákó láìsí ẹni tó rí i. Ó di ọ̀gànjọ́ òru kó tó ràn, ẹni tó ń sùn á wá ta jí, á bá àtẹ̀gùn rẹ̀ nínú iná, ojú fèrèsé ló sì máa gbà bẹ́ sílẹ̀. Nínú lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń tún sọ títí dòní ti jáde, pé ìwọ̀n àáǹsì kan ìdènà tó ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ìwòsàn. Àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àìsàn àti oògùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná ni ẹni tó ni ín fi ṣe.

Ó tún sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń gbá ihò èéfín. Ó ní kí olórí ìlú fún wọn ní ìwé àṣẹ, kí ìyà sì jẹ ẹni tó bá gbá ihò èéfín kan tí ihò náà sì gbiná láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àwọn òfin wo ni wọ́n fọwọ́ sí?

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí pé ìwé àdéhùn yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ náà.

Àkọ́kọ́, kálukú yóò fi owó ara rẹ̀ ra garawa aláwọ méjì àti àpò mẹ́rin. Aṣọ ọ̀gbọ̀ líle ni wọ́n ní kí wọ́n fi rán àpò náà, aṣọ tó wọ ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní yáàdì mẹ́rin, okùn sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n á fi fún un pọ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ẹni tó ni ín yóò wà lára rẹ̀. Kò sí fífi garawa yẹn pọn omi ìwẹ̀, kò sì sí fífi àpò yẹn kó ọkà. Ọ̀rọ̀ iná nìkan ni wọ́n wà fún.

Ẹni tí kò bá ní tirẹ̀ nílé yóò san ṣílè márùn-ún lórí garawa tàbí àpò kọ̀ọ̀kan tí kò sí níbẹ̀. Èyí tó bá sọnù tàbí tó bà jẹ́ níbi iná, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò dá owó rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ya méjèèjì sọ́tọ̀: bí àìbìkítà ni, ìwọ nìkan lo máa san án, bó bá jẹ́ pé ibi tí o ti ń ran ọmọnìkejì lọ́wọ́ ló ti sọnù, gbogbo wa la máa gbé e.

Bí wọ́n bá gbọ́ pé iná wà ní ilé ọ̀kan nínú wọn tàbí nítòsí rẹ̀, kí gbogbo wọn sáré débẹ̀ pẹ̀lú garawa àti àpò. Bí ewu bá dé bá ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n pín ara wọn dọ́gba. Ẹni méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn yòókù á máa kó ẹrù sínú àpò, wọ́n á gbé e lọ síbi tí kò séwu, ẹnì kan á sì ṣọ́ ọ títí olówó ẹrù yóò fi wá gbà á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó gbẹ̀yìn oṣù ni ìpàdé. Ẹni tí kò bá wá, ṣílè kan. Kò sí akọ̀wé àìnípẹ̀kun: oṣù kọ̀ọ̀kan ni ipò náà ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí orúkọ wọn ṣe tẹ̀ léra nínú ìwé. Akọ̀wé oṣù náà ni yóò lọ yẹ garawa àti àpò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò, tí yóò sì jábọ̀ ní ìpàdé. Òun náà ni yóò gba owó ìtanràn, òun ni yóò sì ránṣẹ́ ìpàdé ó kéré tán wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti ní ìwé orúkọ gbogbo wọn méjì. Ọ̀kan á wà lára ògiri níbi tí garawa wà, kí gbogbo èèyàn lè rí i, ọ̀kan á sì máa bá a lọ sí ìpàdé. Sísì ni owó ẹni tí kò bá ní in.

Wọn ò gbọdọ̀ ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Kò sí gbígba ẹni tuntun, kò sì sí àtúnṣe òfin, àyàfi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo wọn bá fara mọ́ ọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ nípa rẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí Franklin dàgbà, ó kọ ọ́ pé àwọn tó kọ́kọ́ dara pọ̀ tó ọgbọ̀n. Ní tèmi, mo gba ìwé àdéhùn gbọ́ ju ìrántí àgbà lọ.

Òfin kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kú, àwọn tó kù gbọ́dọ̀ máa ran opó rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà ewu bíi pé ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì fẹ́ ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà ni pé kó má jẹ́ kí garawa àti àpò kúrò nílé.

Kí ni wọ́n ń fi àpò ṣe? Ṣé omi kọ́ ló ń pa iná ni?

Nítorí olè ni. Bí ilé bá ń jó, èrò á pé lé e lórí, ẹni tó wá ṣèrànwọ́ àti ẹni tó wá jí nǹkan á sì da pọ̀ tí èèyàn ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rọ ìgbà náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí iná bá ti gba òrùlé, ohun tó sábà máa ń ṣeé gbà là ni ẹrù inú ilé àti ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣé ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń lọ?

Bí ẹ bá ka ìwé 1736 yẹn dáadáa, ohun tó wà lọ́kàn wọn níbẹ̀rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ láàárín ara wọn: ẹrù tiwa, ilé tiwa. Mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iná kì í béèrè ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kó tó fò dé òrùlé kejì. Nígbà tí àwọn mìíràn fẹ́ wọlé tí àyè ò sí mọ́, Union kò sọ òfin di dídẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Fellowship ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1738, Hand-in-Hand lọ́dún 1742, Heart-in-Hand lọ́dún 1743, Friendship lọ́dún 1747, tí òmíràn sì ń tẹ̀ lé e, títí tó fi jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkùnrin tó ní ilé ló wà nínú ọ̀kan tàbí òmíràn. Nígbà tó dé ibẹ̀, kò sí ilé tí wọ́n lè fi sílẹ̀ kó jó.

Owó ìtanràn àwọn tí kò wá ìpàdé ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ, àkàbà àti ìkọ́. Franklin kọ ọ́ pé láti ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti wà, iná kò jó ju ilé kan tàbí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́ ní Filadẹ́fíà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pa iná nígbà tí kò sí ọkọ̀?

Agogo á dún, igbe á sọ. Àwọn èèyàn á tò láti ẹnu kànga tàbí etí odò títí dé ilé tó ń jó, ní ìlà méjì. Garawa tó kún á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ ní ìlà kan, èyí tó ti ṣófo á máa gba ìlà kejì padà. Ibi ẹ̀rọ ni omi náà ń lọ. Àpótí onígi tó ní táyà ni ẹ̀rọ ìgbà náà, ọ̀pá gígùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọkùnrin á dúró ní apá kìíní àti apá kejì, bí ti ìhín bá ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ti ọ̀hún ń gòkè, omi á sì máa yọ lẹ́nu ọ̀pá tó wà lórí rẹ̀. Richard Newsham ti ìlú London ló ṣe èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé ìgbà náà. Iṣẹ́ yẹn le, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọwọ́ ẹni ń gbà kí ẹlòmíràn tó gbà á.

Ìkọ́ ńlá tí wọ́n so mọ́ igi gígùn ni wọ́n fi ń fa òrùlé tàbí ògiri lulẹ̀, kí iná má bàa rí ohun tí yóò gbà kọjá.

Ìyípadà ńlá dé lọ́dún 1801, nígbà tí omi ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú igi tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lábẹ́ ilẹ̀ dé àwọn títì Filadẹ́fíà. Ọdún 1803 ni wọ́n dá Philadelphia Hose Company sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé túùbù tí omi ń gbà kọjá ni iṣẹ́ tiwọn, wọ́n á so ó mọ́ ẹnu omi lójú títì, garawa sì di ohun àtijọ́ díẹ̀díẹ̀. Awọ tí wọ́n fi òwú rán ni túùbù náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú rírán rẹ̀ sì máa ń bẹ́ bí omi bá ti fagbára wọ inú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1807, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kan, James Sellers àti Abraham Pennock, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣó kàn án dípò òwú, ó sì gba agbára omi dáadáa.

Ṣé òótọ́ ni pé wọn kì í pa iná ilé tí kò bá ní àmì adójútòfò?

Ìtàn yẹn gbilẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ ní Filadẹ́fíà. Inú ìjíròrò Union Fire Company ni ọ̀rọ̀ adójútòfò ti jáde, torí pé omi ń pa iná ṣùgbọ́n kì í dá ilé tó ti jó padà. Lọ́dún 1752, Franklin àti àwọn panápaná ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Philadelphia Contributionship sílẹ̀, ó sì wà títí dòní. Àmì rẹ̀ ni ọwọ́ mẹ́rin tó di ara wọn mú. Wọ́n á kàn án mọ́ ara ilé láti fi hàn pé ilé náà ní adójútòfò. Àwọn panápaná kì í gbowó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbé garawa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà wù mí láti sọ. Lọ́dún 1781, ilé iṣẹ́ yìí pinnu pé àwọn ò ní gba ilé tó bá ní igi níwájú mọ́, torí pé igi ń dí panápaná lọ́wọ́. Àwọn tó fẹ́ràn igi wọn bínú, wọ́n sì dá tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1784. Igi tútù ni wọ́n fi ṣe àmì.

Ṣé àwọn èèyàn dúdú wà nínú àwọn ẹgbẹ́ náà?

Wọ́n fẹ́ wà níbẹ̀. Lọ́dún 1818, àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní Filadẹ́fíà dá African Fire Association sílẹ̀. Òmìnira ni wọ́n, àwọn náà ní ilé tó lè jó, wọ́n sì fẹ́ gbé garawa bí àwọn aládùúgbò wọn. Àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun pe ìpàdé, wọ́n ní àwọn ò gbà. Nígbà tí àwọn àgbààgbà aláwọ̀ dúdú rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, tí wọ́n sì mọ̀ pé ìjà lè dé, wọ́n bẹ àwọn ọ̀dọ́ náà pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà tú ká.

Inú mi bàjẹ́ sí èyí nígbà gbogbo tí mo bá kà á. Àwọn èèyàn kan náà tó mọ̀ pé iná kì í mọ ààlà ló kọ̀ láti jẹ́ kí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bá wọn pa á.

Ní New York, àwọn panápaná ibẹ̀ ń sọ ìtàn Molly Williams, ẹrú ni ní ilé oníṣòwò kan. Ní àkókò òjò dídì ọdún 1818, nígbà tí àìsàn dá àwọn ọkùnrin wó, wọ́n ní òun ló bá wọn di okùn ẹ̀rọ Oceanus Engine Company No. 11 mú, tó sì fà á la òjò dídì kọjá. Wọ́n ń pe é ní panápaná obìnrin àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà.

Báwo ni ẹgbẹ́ tó dára bẹ́ẹ̀ ṣe bàjẹ́ ní Filadẹ́fíà?

Ìlú tóbi, ẹgbẹ́ pọ̀, òkìkí wá dùn ju iṣẹ́ lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ẹnu omi ló gba ògo, nítorí náà wọ́n ń jà lórí ẹnu omi nígbà tí ilé ń jó. Nígbà tó di àárín ọdún 1840 sí 1850, ẹgbẹ́ panápaná ti di ti ẹ̀yà, ti ẹ̀sìn àti ti òṣèlú. Moyamensing Hose jẹ́ ti àwọn ará Ireland. Shiffler Hose jẹ́ ti àwọn tí kò fẹ́ àjèjì, ẹni tó kú nínú rògbòdìyàn ọdún 1844 ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ń dáná sun ibì kan kí ọ̀tá wọn lè wá, kí wọ́n lè lù wọ́n.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Àwọn tó ń jà kí oko ẹrú dópin kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan, Pennsylvania Hall, wọ́n ṣí i lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1838. Lálẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún, èrò ya wọ ibẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Àwọn panápaná dé. Wọ́n da omi sára àwọn ilé tó yí i ká, wọ́n sì wo gbọ̀ngàn náà títí tó fi jó tán. Àwọn kan tó gbìyànjú láti da omi sí i, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló yí omi padà sí wọn lára.

Lẹ́yìn èyí, kò yà mí lẹ́nu pé àwọn aláṣẹ wá wá panápaná tó ń gba owó oṣù. Ìlú Cincinnati ló ṣáájú, ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1853, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi agbára ooru omi ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ yẹn kò nílò ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin tí yóò máa tẹ ọ̀pá. New York tẹ̀ lé e lọ́dún 1865. Ní Filadẹ́fíà, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1871 ni panápaná ìjọba gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláìgbowó.

Ṣé ibi tó parí sí nìyẹn?

Ní ìlú ńlá, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìlú kékeré, ó ṣì ń lọ. Àjọ NFPA tó ń ṣírò panápaná Amẹ́ríkà ka 1,041,200 ní ọdún 2020, 676,900 nínú wọn ni kò gba owó oṣù. Ní ìlú tí èèyàn ibẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì àtààbọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn aláìgbowó nìkan ló wà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ìgbáròkó wọn á han, tàbí fèrè ńlá tó wà lórí ilé ẹ̀rọ á ké. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń sùn á dìde. Wọ́n á pàdé ní ilé ẹ̀rọ, wọ́n á wọ aṣọ iṣẹ́, ọkọ̀ á sì gbéra. Lónìí, ìjàǹbá ọkọ̀ àti àìsàn òjijì ló pọ̀ nínú ìpè tí wọ́n ń jẹ́ ju iná lọ. Owó ọkọ̀ panápaná kì í ṣe kékeré, nítorí náà wọ́n máa ń yan adìyẹ tà, wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú fún ìlú, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ bíńgò. Ẹni tó bá ti jẹ irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ rí ti dá sí owó rọ́bà omi.

Òfin opó ọdún 1736 náà rí arọ́pò. Láti ọdún 1976 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ń fún ìdílé panápaná tó bá kú lẹ́nu iṣẹ́ lówó, ìbáà ṣe ẹni tó ń gba owó oṣù tàbí aláìgbowó.

Ìṣòro wà. Ní Pennsylvania níbi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn aláìgbowó tó bí 300,000 ní àwọn ọdún 1970. Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà yàn jábọ̀ lọ́dún 2018 pé wọn ò ju bí 38,000 lọ mọ́. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ti jìnnà sílé, ọ̀pọ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì, ẹ̀kọ́ tí panápaná gbọ́dọ̀ kọ́ ti gba ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ṣí kúrò ní ìgbèríko. Mi ò rò pé ọkàn àwọn èèyàn ló le. Àkókò wọn ló tán.

Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ni irú rẹ̀ wà?

Rárá. Gbogbo panápaná orílẹ̀-èdè Chile ni kì í gba owó oṣù. Iná ńlá kan ní Valparaíso ní oṣù Kejìlá ọdún 1850 ló fà á, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1851. Ní Brazil, àwọn tó wá láti Jámánì dá ti Joinville sílẹ̀ lọ́dún 1892. Ní Jámánì fúnra rẹ̀, àwọn aláìgbowó ló pọ̀ jù.

Nílé wa ńkọ́? Èwo nínú òfin wọn ló lè wúlò fún àdúgbò?

Ní Nàìjíríà, abẹ́ ọlọ́pàá ni iṣẹ́ panápaná ti bẹ̀rẹ̀, ní Èkó lọ́dún 1901. Ìjọba amúnisìn ló gbé e kalẹ̀, kò ti ọ̀dọ̀ àdúgbò wá. Síbẹ̀, ẹni tó mọ àáró àti ọ̀wẹ̀ kò ní ka ìwé 1736 yẹn sí ohun àjèjì. Bí ilé bá gbiná ládùúgbò wa, ẹnì kan kì í dúró kí wọ́n tó pè é: omi á dé, iyanrìn á dé. Ohun tí mo rò pé a kò ní tó ni iṣẹ́ akọ̀wé oṣù yẹn, ẹni tí yóò máa wo ohun èlò ilé dé ilé kí iná tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ apaná tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ta ló wò ó gbẹ̀yìn? Géètì àdúgbò tí wọ́n ń tì lóru, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà?

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ onílé yín bá fẹ́ mú mẹ́ta, ẹ mú èyí: ìwé orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo èèyàn lára ògiri níbi tí ohun èlò wà, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, tí ó sì ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti owó ìtanràn kékeré tí a ń gbà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ pé kí ẹ má pe panápaná o. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ kọ́kọ́ pè é, kí ẹ tó gbé garawa.

Mò ń gbé nítòsí Filadẹ́fíà. Ibo ni mo ti lè rí nǹkan wọ̀nyí lójú?

Ẹ lọ sí Fireman's Hall Museum ní North 2nd Street. Ilé ẹ̀rọ panápaná tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1902 ni wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá jáde, ẹ rìn gba àwọn àdúgbò àtijọ́ tó wà nítòsí, kí ẹ sì máa wo òkè ilẹ̀kùn àwọn ilé bíríkì: ẹ ó rí ọwọ́ mẹ́rin àti igi tútù lára ọ̀pọ̀ nínú wọn.